Àfẹ́sọ́nà Láti Ilé-Ìlọ-Egungun

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Òkúdù, ọdún 1976, oòrùn mú ní Burslem, ìlú àwọn amọ̀kòkò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà ojú títì fi ń lẹ̀ mọ́ bàtà ènìyàn. Òjò ti kọ̀, koríko ti gbẹ, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ rárá. Ọjọ́ yẹn ni ìsinmi àwọn amọ̀kòkò bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ àwo ní agbègbè wa máa ń ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo ìlú á sì kọrí sí etí òkun. Èmi Hilda, ẹ̀gbọ́n mi Edna Machin, Noreen ọmọ rẹ̀, àti Clifford Bloor tí ó ń fẹ́ Noreen, ni a jọ gbéra lọ sí Spain. A sá fún oòrùn tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, a lọ ra òmíràn. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ilé gbóná ju ọ̀hún lọ. N kò lè búra sí i, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́ nínú wa.

Ìrìn-àjò náà kì í ṣe ti ìgbádùn lásán. Ìdánwò ni ẹ̀gbọ́n mi fi í ṣe. Èmi ni alárinà, èmi ni ó sì rán. Nínú ilé ìdáná rẹ̀ ni ó ti wí fún mi pé:

"Lọ sọ fún Clifford pé màá bá òun àti Noreen lọ sí ìsinmi. Bí mo bá lè jókòó ti ọkùnrin yẹn títí ìsinmi yóò fi parí láìdi imú mi, kí ó fẹ́ Noreen. Bí n kò bá lè ṣe é, kí ó gbàgbé ọ̀nà ilé mi."

Mo jíṣẹ́ náà fún Clifford bí ó ti rí, nítorí pé alárinà tí ó bá fi oyin sí ọ̀rọ̀, òun ni ara yóò ta nígbẹ̀yìn. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mà," ni ó wí. "Màá wá ibi tí agbára mi ká."

Ibi tí agbára rẹ̀ ká ni irú ìsinmi pọ́ọ́kú tí wọn kì í sọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì fún ènìyàn títí tí yóò fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ imú. Clifford háyà yàrá ní ilé tí ó kángun sí tèmi, ilé-ìlọ-egungun ní ẹ̀bá odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré. Egungun màlúù ni wọ́n ń sè níbẹ̀, tí wọ́n ń sun, tí wọ́n sì ń lọ̀ di lẹ́búlẹ́bú, kí a tó pò ó mọ́ amọ̀ tánganran tí ó dára jù lọ. Nígbà tí ìkòkò bá ń hó níbẹ̀, àwọn tí ń gbé ní òpópónà náà kì í sá aṣọ síta. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, wúrà ni ó ti ń fi kun etí ife láti ìgbà tí ó wà ní ọmọdébìnrin. Fìlà àti ìbọ̀wọ́ ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọn kì í sì í kí àwọn tí amọ̀ bá ta sí láṣọ. Egungun tí ó ń kórìíra yìí náà ni ó wà nínú ife tí ó ń fi wúrà kùn. Mo gbọ́ pé ó tó ìlàjì ife náà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ dájú, nítorí náà n kò sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín ni Noreen ti kọ́kọ́ pàdé Clifford, nígbà òtútù. Àwọn ènìyàn tò, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ yí Clifford ká bí ẹni pé ó gbé iná dání. Noreen wọlé, ó rìn tààrà, ó sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀yin ni ẹ kẹ́yìn?" ni Noreen bi í.

"Èmi ni. Ẹ lè sún sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, inú kò ní bí mi."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ máa ń gé ènìyàn jẹ ni?"

Clifford rẹ́rìn-ín débi pé ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Orí ògiri kúkúrú tí ó yí ṣọ́ọ̀ṣì ká ni àwọn méjèèjì ti jọ jẹ ẹja wọn. Noreen sọ fún mi pé òun kò tíì rí ọkùnrin tí í fetí sí ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀fìnkìn ni ó dí Noreen nímú ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ọ̀fìnkìn lọ, ó wá bá mi, ó jókòó, ó sì di ojú rẹ̀.

"Àǹtí Hilda, ó ń rùn."

"Mo mọ̀. Ògiri kan ló wà láàárín wa."

"Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kí imú mi tó là. Kí ni kí n ṣe?"

Kí ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ sọ? Mo ní kí ó mú un lọ han ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ náà ṣì ń kó mi nírìíra, kì í sì í ṣe nítorí Clifford. Ọkùnrin náà wọ aṣọ tí ó dára jù lọ tí ó ní. Ó ti fi ọṣẹ pupa apakòkòrò fọ ara débi pé ọrùn rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ìwé ìròyìn sórí àga kí ó tó jẹ́ kí ó jókòó. Ó ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀ nínú òjò dídì. Ó ń bi í ní ìbéèrè láti ẹnu ọ̀nà, aṣọ ìnujú wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá rẹ dà?"

"Wọ́n ti kú, mà."

"Ta wá ló ń fọ aṣọ rẹ?"

"Èmi fúnra mi, mà."

"Ó hàn."

Nígbà tí Clifford lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi gbé ife tí ọkùnrin náà fi mu tíì, ó fọ́ ọ mọ́ ara garawa ìdọ̀tí. Ife tí ó fi wúrà kùn fúnra rẹ̀ ni. Noreen ń wò ó, kò sì sunkún.

"Màmá, ẹ̀yin náà ló yẹ kí ojú tì," ni ó sọ.

"Ojú á tì mí lọ́jọ́ tí mo bá fi ọmọ mi fún òórùn. Ṣé o fẹ́ máa sùn ti ìyẹn? Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ máa gbé òórùn yẹn lọ sílé ìwé?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Noreen lára bí ẹ̀gún. Láti ìgbà náà, bí Clifford bá mú un lọ́wọ́ lẹ́bàá odò, kò mọ̀ mọ́ bóyá imú òun ni ó ń gbóòórùn tàbí ọ̀rọ̀ ìyá òun. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ara rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù jù kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ lè kọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ìyá rẹ̀ lè gbà, kí òun fúnra òun má sì lè bá Clifford gbé.

Báyìí ni a ṣe dé Spain.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó wa lọ kò tíì parí. Ẹ̀gbẹ́ kan ní fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ búlọ́ọ̀kù àti irin tí ó yọrí síta. Ẹ̀rọ tí ń po sìmẹ́ǹtì ni ó kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Òórùn gọ́tà sì pàdé wa lójú àtẹ̀gùn, ó bá wa wọlé, ó sì bá wa gòkè. Mo ṣí ibi ìwẹ̀ mi, mo rí irun ẹlòmíràn tí ó dì bí eku tí ó kú sẹ́nu ihò omi. Lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi, a rí èékánná ẹsẹ̀. Àwọn aáyán ibẹ̀ kì í sá fún ènìyàn, ńṣe ni wọ́n máa ń dúró wo ẹni. Omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ dà bí ọbẹ̀ ẹ̀wà tútù tí ó ti kan. Ọ̀já tí ẹnìkan fi di egbò rẹ̀ ń léfòó lójú rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí a fi kúrò. Ọmọbìnrin tí ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò rán láti pàdé wa ní kí a ní sùúrù, lẹ́yìn náà ni kò jẹ́ kí a rí òun mọ́.

Yàrá Clifford ni ó burú jù. Ìsàlẹ̀ ni ó wà, lẹ́yìn ilé ìdáná, fàráńdà rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí wọ́n ń da orí ẹja àti ìdọ̀tí sí.

"Tèmi dára púpọ̀," ni ó sọ fún wa. "Afẹ́fẹ́ ń wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé àwo síwájú wa. Ará ìlú wa kì í jẹun láìkọ́kọ́ yí àwo wò nídìí. Ìbáà jẹ́ ààfin ọba, a ó fẹ́ mọ ilé-iṣẹ́ tí ó mọ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi yí tirẹ̀. Ọ̀rá àtijọ́ dì nídìí rẹ̀, ó pọ́n bí èépá, irun ìpéǹpéjú kan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi èékánná há a, ó sì na ìka náà sí Clifford.

"Wò ó. Ìwọ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó ti jẹun nínú àwo yìí lè ti kú, kí wọ́n ti sin ín."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ibi tí o mú ọmọ mi wá rèé. Àbí ìwọ kò gbóòórùn ilé yìí ni?"

Clifford tẹ orí ba. Ó kàn ń wo àwo tirẹ̀. Mo sì rí i pé Noreen sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń wá àyè fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Èrò tèmi kọ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì. Bisikíìtì tí ó gbé wá láti ilé ni ó ń jẹ. Ó sì ń jókòó sí ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́, aṣọ ìnujú lẹ́nu, ó ń wo Clifford. Àwa yòókù ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbé wá ní gbígbóná, a sì ń fi ojú fo ìdí àwo.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Noreen ni ó sọ ọ́ fún mi, n kò sí níbẹ̀. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun lọ bá Clifford ní fàráńdà rẹ̀ láti sọ fún un pé kí àwọn pa ọ̀rọ̀ náà tì. Wọ́n ti da ìfun ẹja síwájú fàráńdà ní àárọ̀, oòrùn sì ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Eṣinṣin ń ké yùn-ún. Clifford jókòó sí àárín rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wá jókòó. Atẹ́gùn ibí yìí tutù."

Noreen di imú.

"Clifford, báwo lo ṣe ń jókòó síbí?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ṣé o kò gbóòórùn nǹkan kan ni?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ìfun ẹja, ó wo eṣinṣin, bí ẹni tí ń ka ojú ẹlòmíràn láti mọ ohun tí ó yẹ kí òun náà ṣe.

"Nǹkan ń rùn ni?"

Noreen ní ìgbà náà ni ó yé òun.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Mi ò tíì pẹ́ níbi iṣẹ́ tí imú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lọ́jọ́ kan ni mo rí i pé wọ́n gbé búrẹ́dì gbígbóná kọjá níwájú mi, tó kàn dà bí òkúta. Tí òdòdó bá wà níwájú mi, mo kàn ń rí i ni."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ọkùnrin tó ń rùn, tí kò sì mọ̀ pé òun ń rùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ẹ̀rín ló máa pa á. Ìdí tí mo fi ń fi ọṣẹ bó ara mi nìyẹn. Mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n dúró. Mo máa ń wo ojú àwọn èèyàn ni. Ojú tìrẹ lèmi ń wò jù."

"Ojú mi?"

"Tó bá rọ̀, màá ní mo mọ́ lónìí. Tó bá le, màá ní ọṣẹ ò tó." Ó dìde. Kò sún mọ́ ọn. "Noreen, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mò ń rùn?"

Noreen kọ ẹ̀yìn sí i. Ó sá gòkè wá bá mi, ó sì bì sínú ibi ìwẹ̀ mi. Nígbà tí ó nu ẹnu tán, ó ní:

"Àǹtí, gbogbo ìgbà tí mo bá fa ara sẹ́yìn, ó rí mi. Ó rí mi, á lọ sílé, á tún lọ bó ara rẹ̀."

"Kí lo fẹ́ sọ fún un?"

"Mi ò mọ̀. Tí mo bá ní kò rùn, irọ́ ni. Tí mo bá ní ó ń rùn, mo pa á."

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwo tún dé. A ń rìn létí òkun, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tí ebi mú ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé oúnjẹ kékeré kan. Ó yí àwo tí ó wà lórí tábìlì. Ìdí rẹ̀ funfun gbòò, ó mọ́ bí eyín ọmọdé, àmì ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú wa sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò pa á, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ẹnìkan ní orílẹ̀-èdè yìí mọ ohun tí ń jẹ́ ìmọ́tótó. Níbí ni màá ti jẹun."

Ohun tí ó yàn ni sàláàdì ọ̀dùnkún tí wọ́n fi ẹyin tútù àti òróró pò. Ó ti wà nínú abọ́ ńlá kan lórí káńtà láti àárọ̀, oòrùn sì ń ràn sí i tààrà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti là bí ilẹ̀ ọ̀dá. Eusebio, ọkùnrin tí ń gbé oúnjẹ fún wa ní hòtẹ́ẹ̀lì, jókòó níbẹ̀ nítorí pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Ó na ìka sí abọ́ náà, ó sì mi orí. Ó na ìka sí oòrùn, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó sì ṣe bí ẹni tí ń kú lọ.

"Màmá," ni Clifford sọ, "ó dà bí ẹni pé ó ń sọ pé..."

"Èmi kì í ṣe ìyá rẹ. Ẹni tó ń fún wa ní ọ̀rá òkú jẹ ló fẹ́ kọ́ mi ní ìmọ́tótó? Ṣé ìwọ kò rí ìdí àwo ni?"

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún bu òmíràn. Ìyà bisikíìtì ti jẹ ẹ́ púpọ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ìgbẹ́ gbuuru ti mú un. Noreen tí wọ́n jọ ń sùn sáré wá pè mí. Nígbà tí a fi máa padà dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀rọ omi hòtẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́ ní àárọ̀ náà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ṣe é fi omi ṣàn. A gbọ́ bí ó ti ń bì. A gbọ́ ìyókù pẹ̀lú. Mo ti wà láyé pẹ́, mo sì ti tọ́jú òkú, ṣùgbọ́n òórùn tí ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn jáde lé mi padà sẹ́yìn dé àtẹ̀gùn.

"Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí èmi wọlé," ni mo wí. "Àbúrò yín ni mí."

"Ìwọ gan-an ni mi ò fẹ́! Gbogbo ìlú lo máa sọ fún. Ẹ lọ! Ẹ má gbóòórùn mi! Ó wà lára bẹ́ẹ̀dì... ó wà lára ògiri... Olúwa, kí n kú síbí."

Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ẹ̀rù sì bà wá. Clifford ti sáré gòkè dé. Noreen kọjú sí i, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà mọ ohun tí ó ń bẹ̀ fún. Ó dúró, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Noreen fi ẹnu sí ara ilẹ̀kùn.

"Màmá, Clifford kì í gbóòórùn."

"Kí lo wí?"

"Imú rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ egungun ló pa á. Kì í gbóòórùn ohunkóhun."

"Hilda, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun."

"Títí kan... èyí?"

Clifford fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn. "Kò sí nǹkan kan tí mò ń gbọ́ o, mà. Ó dà bí ìgbà tí mo dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

A gbọ́ bí ó ti ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yí.

"Òun nìkan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kó mú omi dání. Kó sì di ojú ẹ̀."

Clifford wọlé, a sì ti ilẹ̀kùn. Omi òkun ni èmi àti Noreen ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì fà gòkè, a ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà, Clifford ń yọ ọwọ́ nìkan jáde láti gbà á. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú, jẹ́jẹ́: "Ẹ dì mí mú lọ́rùn, mà. Ó ti tán níbí. Ẹ yí sápá òsì." Nígbà tí ó ṣe, Clifford di aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e jáde. Èérí wà lápá rẹ̀, ó wà láyà rẹ̀, ó wà nínú irun rẹ̀ pàápàá.

"Wọ́n ti sùn," ni ó wí. "Wọ́n nílò dókítà."

Mo ní kí ó gbé aṣọ náà sọ nù kí ó sì lọ wẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Noreen ni ó ń wò, ojú náà ni ó ń kà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ní àkókò yìí ni Noreen rìn lọ bá a. Ó sún mọ́ ọn dáadáa, ó na ẹsẹ̀ dúró lórí ìka, ó gbé imú sí ọrùn ọkùnrin náà, ó sì fa èémí wọlé títí ó fi kún àyà rẹ̀. Mo fẹ́ wo ibòmíràn, n kò lè ṣe é.

"O bi mí ní ìbéèrè níjọ́sí," ni Noreen wí. "Ò ń rùn, Clifford."

Ọkùnrin náà di ojú.

"Ìgbẹ́ màmá mi ń rùn lára rẹ. Èébì wọn ń rùn. Abẹ́ ìyẹn, ọṣẹ pupa ni, ó ti pọ̀ jù, ó dà bí ilé ìwòsàn. Abẹ́ ọṣẹ, egungun náà wà níbẹ̀. Kò pọ̀. Ó dà bí iná tó ti kú láàárọ̀."

"Ṣé ó tó ohun tí ènìyàn ń sá fún?"

"Mo ti sá fún un. Ẹ̀rù rẹ̀ ló pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni màá máa sọ fún ọ. Lọ́jọ́ tó bá pọ̀, màá ní ó pọ̀, wàá lọ wẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá mọ níwọ̀n, màá ní ó tó, wàá gbé ọṣẹ sílẹ̀. Má wo ojú mi mọ́. Bi mí."

Clifford bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì lè fi ọwọ́ nu ojú nítorí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Noreen ni ó bá a nù ún.

Dókítà wá, ó fún ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn, ara rẹ̀ sì ń yá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá Clifford sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin náà bá wọlé, á kọjú sí ògiri. Noreen bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ìtìjú ti sọ ọ̀rọ̀ náà di èyí tí kò ní àtúnṣe. Èmi náà bẹ̀rù. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi: kì í dárí ji ẹni tí ó bá rí i láìwọ ìbọ̀wọ́.

Lọ́sàn-án tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a padà sílé, a gbé e sọ̀kalẹ̀ wá jókòó lábẹ́ ibòòji. Clifford gbé omi wá fún un.

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Clifford lọ jókòó sí àga ọ̀ọ́kán.

"Mo ní jókòó síbí. Àbí etí rẹ náà ti kú?" Ó dúró títí ọkùnrin náà fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ìwọ̀nba èèyàn ló rí mi níhòòhò láyé yìí. Agbẹ̀bí, àti ọkọ mi, inú òkùnkùn ni òun náà sì wà. Ẹnikẹ́ni ò rí mi báyẹn rí."

"Mo di ojú, mà."

"Irọ́ ni. O ò lè di ojú kí o fọ ògiri." Ojú rẹ̀ kó jọ bí ẹni tí ó gé ewúro jẹ. "Ó ń rí mi lára. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí, ó ń rí mi lára. Mi ò lè jẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa rìn kiri Burslem gẹ́gẹ́ bí àlejò, kí n máa pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó máa kí mi. Ẹni tó bá mọ ìyẹn nípa mi, àfi kó jẹ́ ẹbí. Fẹ́ ẹ. Ẹ ṣe é kíá. Kí o sì máa pè mí ní Màmá, kí ẹnu rẹ lè wúwo."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Clifford wí.

"Má tíì pè é púpọ̀."

Mo wò ó dáadáa. Òórùn gọ́tà ń fẹ́ sí wa bí ti àtẹ̀yìnwá, òórùn ọkùnrin náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ ìnujú ẹ̀gbọ́n mi wà lórí itan rẹ̀. Kò gbé e.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí Edna Machin sọ ọ̀rọ̀ yìí ni: èmi Hilda àbúrò rẹ̀, Noreen ọmọ rẹ̀, tí ó dúró lẹ́yìn àga, Clifford Bloor, tí ó jókòó, Eusebio, tí ó gbé ife wá, tí kò gbọ́ èdè wa, àti tọkọtaya kan láti Longton, nítòsí ìlú wa, tí wọ́n ń sùn nínú oòrùn. N kò bi tọkọtaya náà ní orúkọ wọn, nítorí náà n kò kọ ọ́.